Mellanby: Onímọ̀ Kòkòrò Tó Kọ́kọ́ Ṣe Ọ̀gá Yunifásítì Ìbàdàn

Ní 1941, nígbà tí ogun Hitler ń jà ràn-ìn, onímọ̀ nípa kòkòrò kan wà nílùú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá àwọn tí yóò gbà kí kúrúnà mú wọn. Kúrúnà ti di wàhálà fáwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba sì gbà pé inú aṣọ àti kúbùsù ló ti ń ràn, ni wọ́n bá ń se aṣọ, tí wọ́n ń se kúbùsù, tí owó ń lọ. Kenneth Mellanby ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó kọ̀ láti lọ sójú ogun nítorí ẹ̀rí ọkàn jọ sínú ilé kan, ó ní kí wọ́n máa wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ táwọn sójà oníkúrúnà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láìfọ̀, kí wọ́n máa fi kúbùsù wọn bora. Díẹ̀ báyìí ló ràn. Ìgbà tí wọ́n wá ń bá àwọn oníkúrúnà sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í họra ní tòótọ́. Ó yé gbogbo wọn pé ìfarakanra ló ń ran kúrúnà, aṣọ kọ́. Wọ́n fi oyè OBE dá Mellanby lọ́lá ní 1945.

Ọkùnrin yìí ni wọ́n ní kó wá dá yunifásítì sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1947. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà náà. Ìlú Barrhead ní Scotland ni wọ́n ti bí i, ó kàwé ní Cambridge àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ sí apá Bọ́mà láti wo àrùn tí kòkòrò inú igbó ń kó ran àwọn sójà. Kò ṣe ọ̀gá yunifásítì kankan rí. Lónìí orúkọ rẹ̀ wà lára Mellanby Hall ní Ìbàdàn, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń fi yangàn pé Premier Hall ni tàwọn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé orí kúrúnà lọ̀gá náà ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí, àfi bí ẹni pé inú àpò ni Mellanby ti yọ yunifásítì jáde. Irọ́ ni. Kí wọ́n tó bí i lọ́dún 1908 ni ọ̀rọ̀ yunifásítì ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Fourah Bay tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Freetown ní 1827, tí Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ti bá Yunifásítì Durham so pọ̀ láti 1876, tó fi di pé aláwọ̀ dúdú lè gboyè níbẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, ní 1872, Edward Blyden àti James Johnson, tí àwọn ará Èkó padà mọ̀ sí Holy Johnson, ti ń béèrè yunifásítì tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú gan-an. Ní 1920, àpérò National Congress of British West Africa tí Casely Hayford ṣagbátẹrù rẹ̀ ní Accra tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí wọ́n fún wa dípò rẹ̀ ni Higher College ní Yábàá. Hussey, tó jẹ́ ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ló gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1932, wọ́n sì fi ayẹyẹ ṣí i ní oṣù kìíní 1934. N kò ní bú Yábàá o, nítorí àwọn ọmọ tó gbó ṣáṣá ló wọ ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ni yóò jẹ́. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjiníà ni. Bó bá sọdá òkun pẹ̀lú ìwé náà, kò sẹ́ni tó máa kà á sí. Nílé pẹ̀lú, Òyìnbó kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Lọ́ńdọ̀nù lè máa ṣe ọ̀gá lé e lórí títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú. J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies kóra jọ, wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934, ìjà Yábàá sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ẹgbẹ́ náà ló di Nigerian Youth Movement ní 1936. Orí ìwé ẹ̀rí ni òṣèlú ti wọlé dé.

Nígbà tí ogun ń lọ sópin, Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sá fún mọ́. Wọ́n yan àjọ kan ní 1943 láti wo bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Walter Elliot sì ni alága rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú mẹ́ta wà nínú àjọ náà: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí Ransome-Kuti yìí, nítorí ìtàn máa ń sáré kọjá rẹ̀ láti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Nigeria Union of Teachers. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Bí àwọn Òyìnbó inú àjọ náà bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà, inú ìwé ni wọ́n ti kà nípa wọn. Ransome-Kuti mọ̀ wọ́n lórúkọ.

Àjọ Elliot kò fẹnu kò. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1945, ọ̀nà méjì ló pín sí. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta wà: ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Achimota ní Gold Coast, ọ̀kan ní Fourah Bay. Aláwọ̀ dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ sí èyí. Àwọn tó kéré níye, tí Julian Huxley àti Arthur Creech Jones wà nínú wọn, ní ẹyọ kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ Labour wọlé ìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1946, Creech Jones ti di mínísítà tó ń bójú tó gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso wọn. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àwọn tó kéré ni ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn ará Gold Coast yarí, wọ́n ní àwọn ò ní rán ọmọ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n tu owó jọ fúnra wọn, tiwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Yunifásítì tó wà ní Legon lónìí nìyẹn. Bí iyàn náà ṣe le tó, kò sí ìgbà kan tí orúkọ Ìbàdàn kúrò nínú rẹ̀. Inú ìwé méjèèjì ló wà.

Àwọn ìjòyè Ìbàdàn náà kò kẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda ní ìhà àríwá ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́, lé ní 1,000 hẹ́kítà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó sílẹ̀ fún ilé kíkọ́. Ilẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ igbó ni. Kò sí iná, kò sí omi ẹ̀rọ, ìwé àwòrán ilé pàápàá kò tíì sí.

Ipò tí Mellanby bá nǹkan nìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kó jókòó ti àwọn ayàwòrán ilé, kó sì ní kí àwọn èèyàn Nàìjíríà ṣe sùúrù fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mellanby kò dúró. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ní apá ibòmíràn ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn kan wà tí àwọn ológun lò nígbà ogun, tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀. Ilé onígbà-díẹ̀ ni àwọn ilé ibẹ̀, wọn kò kọ́ wọn fún ìwé kíkọ́ rárá. Ó ní ibẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Higher College ti Yábàá wá, wọ́n kó ohun èlò wọn wá. Ní oṣù kìíní 1948, University College, Ibadan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú sójà di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, òmíràn di ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ibi tó sì pẹlẹbẹ nígbà náà ni Ẹlẹ́yẹlé.

Lójú tèmi, ìpinnu yìí ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí Mellanby ṣe ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni, owó ò sí, búrẹ́dì pàápàá wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ìwé lásán lórí tábìlì mínísítà, ó rọrùn láti sọ pé kó di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ 104 ti wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, ta ni yóò sọ pé kí wọ́n máa lọ sílé? Ọwọ́ tó fi mú ọ̀rọ̀ kúrúnà náà ló fi mú èyí: má jókòó máa jiyàn, bẹ̀rẹ̀, kó o sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1948, Creech Jones fúnra rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ó fi ṣọ́bìrì kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ níbi tí yunifásítì náà máa wà títí láé. Ọjọ́ yẹn ni Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣe ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ títí di òní.

Àwọn tó ya àwòrán ilé náà ni Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew. Bí ẹ bá ti gbé ní Ìbàdàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí iṣẹ́ wọn fi yẹ ká yìn. Wọn kò kọ́ ilé Òyìnbó onífèrèsé kéékèèké. Wọ́n jẹ́ kí ilé fẹ̀ ní gígùn ṣùgbọ́n kó má nípọn, kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀gbẹ́ kan kó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Wọ́n gbé balùkóní síta, wọ́n sì fi ògiri kọnkéré oníhò dí oòrùn láìdí atẹ́gùn. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù kò sí, irú ilé bẹ́ẹ̀ nìkan ni èèyàn lè jókòó sí láti kàwé lọ́sàn-án gangan. Mellanby Hall àti Tedder Hall wà lára àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀ náà, àríyànjiyàn àárín àwọn ọmọ họ́ọ̀lù méjèèjì kò sì tíì parí títí di ìsinsìnyí, n kò sì ní dá sí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ìgbà náà ni ti ilé ìkàwé. Henry Carr, àgbà ọ̀mọ̀wé ọmọ Èkó tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, kú ní 1945. Ó fi ìwé sílẹ̀ rẹpẹtẹ, nǹkan bí 18,000. Ìjọba ra ìwé náà, ó sì dé ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun náà. Èyí fi hàn pé kí Òyìnbó tó kó ìwé wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí ọmọ Yorùbá kan fi owó ara rẹ̀ rà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ti wà nínú ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé yìí. John Harris wá láti New Zealand ní 1948, ogún ọdún ló fi ṣe olórí ibẹ̀. Ní 1950 òfin jáde pé ìwé kíwèé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìtàn ìlú kékeré kan tí ọmọ onílé kọ, tí ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ títì tẹ̀, ibẹ̀ ló máa lọ wò ó.

Àmọ́ gbogbo ohun tó dán kọ́ ni wúrà. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń gbà. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí ìdánwò. Mellanby àti àwọn tó rán an gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé oyè Ìbàdàn kò tó nǹkan, ẹni tó bá sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yábàá kò ní lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò nídìí. Àwa fúnra wa la pariwo pé a kò fẹ́ ìwé ẹ̀rí aláàbọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ohun púpọ̀ mọ́ oyè náà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ aṣọ ẹ̀kọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ jẹun alẹ́ bí ará Cambridge. Òyìnbó ló kún àárín àwọn olùkọ́ fọ́fọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà kéré, owó tí wọ́n ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì pọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nnamdi Azikiwe wà lára àwọn tí kò dákẹ́ lórí rẹ̀, ìgbà tí àyè sì gbà á, ó ṣe tirẹ̀ ní Nsukka ní 1960, ní àpẹẹrẹ ti Amẹ́ríkà. Èmi gbà pé ẹ̀sùn owó yẹn wúwo ju ti aṣọ lọ. Aṣọ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ọmọ tó yege tí kò sì rí àyè wọlé kò lè gbàgbé.

Kì í ṣe pé aláwọ̀ dúdú kò sí rárá o. Oladele Ajose wà nídìí ìṣègùn, òun ló sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962. Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast, ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn tí kò lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀ka yìí ni Ulli Beier bọ́ sí lẹ́yìn tó dé Ìbàdàn ní 1950 pẹ̀lú Susanne Wenger. Nípasẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, ohun tó sì tìdí rẹ̀ jáde kò ṣeé kà tán. Geoffrey Parrinder wá kọ́ni nípa ẹ̀sìn láti 1949. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì nìkan ló kọ́ wọn, ó kọ́ wọn nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ṣì ń na ọmọ tó bá dárúkọ òrìṣà. N kò mọ ibòmíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣe jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tó, àyè wà nínú rẹ̀ tí kò sí ní ibòmíràn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Chinua Achebe wọlé ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn, ó yà kúrò níbẹ̀, ó sì jáde ní 1953, ọdún tí Mellanby náà lọ. J. F. Ade Ajayi láti Ìkọ̀lé-Èkìtì wà lára àwọn tó ti Yábàá bọ́ sí Ìbàdàn. Christopher Okigbo àti Wole Soyinka wọlé lẹ́yìn wọn. Ètò ìṣègùn ló le jù láti gbé dúró, nítorí kò sí ilé ìwòsàn tó tóbi tó láti fi kọ́ni. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń lò, títí University College Hospital (UCH) fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957.

Mellanby padà sílé ní 1953. Wọ́n fún un ní oyè CBE lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó padà sórí kòkòrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Rothamsted, ó sì kọ ìtàn ìdásílẹ̀ náà sínú ìwé kan tó pè ní The Birth of Nigeria's University, tó jáde ní 1958. Ní 1961 ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ilé ìwádìí Monks Wood, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí bí oògùn apakòkòrò ṣe ń ba ẹyẹ àti ẹranko jẹ́. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n máa fún un ní ilé iṣẹ́ tí kò tíì sí, pé kó lọ sọ ọ́ di ohun tó wà. Ó kọ ìwé Pesticides and Pollution ní 1967, ó tún kọ ìwé odindi nípa ẹran kékeré kan tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1993.

Ní Ìbàdàn, Òyìnbó méjì mìíràn ṣe ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, Saunders àti Parry. Saburi Biobaku ti di akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1953, èyí sì ti ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ hàn. Wọ́n fi orúkọ Ransome-Kuti, tó kú ní 1955, sọ họ́ọ̀lù kan. Ní 1960, Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga tí Mellanby fi sílẹ̀. Lábẹ́ Dike ni Ìbàdàn já okùn Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, tó di yunifásítì tó ń fún èèyàn ní oyè tirẹ̀, tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ nípa ohun ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ka ìtàn tí òun àti Ade Ajayi gbé ró ló sọ fún ayé pé ìtàn Áfíríkà kì í ṣe ìtàn ohun tí Òyìnbó ṣe nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1972, Ajayi tó ti Yábàá bọ́ sí Ìbàdàn lọ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó.